Bí Iná Sítóòfù Conyers Ṣe Yẹ Kó Jó, àti Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọ

Èmi Wàsíù, tí ilé mi kò ju ilé mẹ́ta lọ sí ilé yìí ní Conyers, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni mo di kálámù mú. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni Bàbá Ràímì Àkànbí, ọmọ àgbẹ̀ tábà láti Àdó-Àwáyè. Bàbá kò lọ sí ilé ìwé. Sìdíkátù, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ra ilé yìí, Bàbá sì ti ń dá gbé inú rẹ̀ láti bá a ṣọ́ ọ láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, Sìdíkátù, Múráínà ọkọ rẹ̀, àti Ròdíátù ọmọ wọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, yóò kó wọlé láti Snellville. Bàbá yóò padà sọ́dọ̀ Kàsúmù, àkọ́bí wọn, ní Morrow. Mo ní kí a gba ohùn wọn sórí fóònù. Wọ́n ní rárá, pé ẹni tó ń gbọ́ ohùn lórí fóònù lè pa á láàárín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di bébà mú yóò fẹ́ mọ ibi tó parí sí. A jókòó sídìí tábìlì ìdáná, Kàsúmù àti Sáfíyà ìyàwó mi wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí Ròdíátù, ìyá mi kékeré. Ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀ yóò tù yín lára. Lẹ́yìn àdúrà yìí, ọ̀rọ̀ sítóòfù tó ń mú pálọ̀ gbóná ló kù.

O bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bàbá, nọ́ńbà wo lẹ máa ń fi sítóòfù yẹn sí?" Mo ní màá rò ó. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ẹ ti ń lò ó láti oṣù mẹ́ta, kí lẹ tún fẹ́ rò?" Ìdí tí mo fi ní màá rò ó ni pé n kò mọ̀. Tàbí kí n sọ pé mo mọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ tí mo mọ̀ ń bá ara rẹ̀ jà nínú orí mi. Màá kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ. Ìwọ tó kàwé, yà á sọ́tọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo, ìwọ ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Oṣù Ròdíátù kò pé kó tó dáyé. Dókítà ní àyà rẹ̀ kò lágbára, pé òtútù kò gbọdọ̀ mú un, kò sì gbọdọ̀ fa èéfín símú. Ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé gbóná kì í dé iwájú ilé, yàrá tí o yàn fún ọmọ náà sì fara ti pálọ̀ tí sítóòfù wà. Bí iná bá kéré, òtútù. Bí iná kò bá jó bó ṣe yẹ, èéfín. Àárín méjèèjì ni ọmọ náà yóò máa sùn.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ sítóòfù náà, kí ọkọ rẹ náà lè gbọ́. Ikùn rẹ̀ wà lókè. Ibẹ̀ la ń da kóró igi sí, àwọn kóró wínníwínní tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àpò rẹ̀ ní gáréèjì, mo bi Kàsúmù pé, "Adìyẹ wọn dà?" Oúnjẹ adìyẹ ni mo pè é. Irin kan tó lọ́ bí ìwo àgbò ń yí nínú ikùn náà, ó ń ti kóró náà díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ irin tí iná ń jó. Bọ́tìnì kan wà tó ní oókan dé márùn-ún, òun ló ń sọ bí oúnjẹ iná yóò ṣe yára tó. Ọ̀pá irin kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì; bí o bá fà á, atẹ́gùn púpọ̀ ń wọlé bá iná; bí o bá tì í, atẹ́gùn dín kù. Fáànù kan ń fẹ́ ooru sí yàrá, èkejì ń lé èéfín gba páìpù jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ yìí ló da orí mi rú.

Èkíní, má fi í sí oókan. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ẹni tó bá ń fún iná lóúnjẹ díẹ̀, díẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ yóò jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná náà ń ṣe bí aláìsàn, ó pupa rúsúrúsú, orí rẹ̀ ń ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, èéfín dúdú sì bo gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ títí n kò fi rí iná náà mọ́. Mo nu ún, ó tún dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí ló dé tí iná kékeré fi ń rú èéfín ju iná ńlá lọ. Títí di òní, n kò lè sọ ọ́ ní ọ̀nà tí yóò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Mo kàn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ọ̀pá atẹ́gùn. Ibí yìí ni kí n ti sọ ìtàn tí n kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí. O mọ̀ pé tábà ni bàbá mi ń gbìn. Ilé alámọ̀ gíga kan wà lóko wa, ibẹ̀ la ń so ewé náà rọ̀ sí, a ó dá iná síta, ooru rẹ̀ yóò gba inú páìpù irin lábẹ́ ewé. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, iná díẹ̀ ni, a ó sì dí gbogbo ihò ògiri, kí ewé lè rọra pọ́n. Lẹ́yìn ìgbà náà la ó tó máa ṣí ihò, tí a ó máa fi igi kún iná. Mo ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, mo gbọ́n lójú ara mi. Bàbá mi lọ kí àna rẹ̀, ó fi ilé tábà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ràímì, má kánjú." Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìjàkadì wà ní abúlé kejì, mo sì fẹ́ lọ. Mo kó igi jọ bí òkè sẹ́nu ààrò, mo ní kí ewé gbẹ kíákíá kí n lè rí àyè. Nígbà tí mo padà dé, ewé náà ti jinná. Ó dúdú bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé lórí iná. Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn ń mú ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fọ́ ọ sílẹ̀, ó ń wò mí. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyẹn ni mo kọ́ níbẹ̀, ọmọ mi, kí ìwọ náà kọ́ ọ: kí ẹni tó bá fẹ́ jáde má dá iná ńlá sílẹ̀ kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n wo bí ẹ̀kọ́ tó dára ṣe lè ṣìnà. Nítorí ilé tábà yẹn, ó ti wà lọ́kàn mi pé bí ènìyàn bá fẹ́ kí ooru dúró, kó dí ihò. Mo ti ọ̀pá atẹ́gùn wọlé pátápátá. Mo ní atẹ́gùn ló ń kó ooru lọ. Ní ilé tábà, ewé là ń dí ihò mọ́, iná wà níta, ó ń mí bó ṣe fẹ́. Nínú sítóòfù, iná gan-an ni mo dí ihò mọ́. Ó gbà mí tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rí ìyàtọ̀ yẹn. Nígbà mìíràn, tí mo bá jókòó tì í, ìyàtọ̀ náà tún máa ń sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ kóró igi. Wàsíù ní ẹ̀kẹrin ni, pé ìtàn tábà jẹ́ ọ̀kan. Kó kọ ẹ̀kẹta. Má sá kóró igi sóòrùn. Mo mọ̀ pé ìwọ kò ní sá a. Èmi sá a. Lóko wa, ohunkóhun tó bá ń rú èéfín, ọ̀rinrin ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí gíláàsì ń dúdú, mo ní àwọn kóró yìí kò gbẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí oòrùn yọ dáadáa, mo tẹ́ tapólì sórí pèpéle pákó lẹ́yìn ilé, mo da àpò méjì lé e, mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni tó ń sá ẹ̀gẹ́. Aládùúgbò obìnrin aláwọ̀ funfun yẹn yọjú lórí ọgbà, ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, mo juwọ́ sí i. Wàsíù wá fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí mọ́sáláṣí. Lẹ́yìn ìrun, a jókòó jẹun. Òjò wínníwínní kan rọ̀ tí a kò tilẹ̀ kà sí òjò. Nígbà tí mo dé, àwọn kóró náà ti wú, òmíràn ti fọ́ padà di lẹ́búlẹ́bú. Mo rò ó. Mo ní ikùn sítóòfù gbóná, yóò bá mi mú un gbẹ. Mo gbọ́n ọn padà sínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí tán báyìí, Kàsúmù gbé orí sókè. "Bàbá, ṣé ẹ sá igi ni?"

Mo ní, "Mo sá a."

"Igi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ mú gbẹ kí wọ́n tó dì í sí àpò?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó gbẹ? Ṣé ìwọ lo bá wọn mú un gbẹ?"

Sáfíyà ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ku kí ẹ bá wọn sá gaàrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù." Mo ní kí Wàsíù kọ ìyẹn náà sí i. Ẹ̀tọ́ mi ni kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun tó kàn yìí kì í ṣe ẹ̀rín, Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ kejì Jímọ̀ yẹn ni o gbé Ròdíátù wá kí mi. Kóró tó wú ti ń há mọ́ irin tó ń yí, oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ iná bó ṣe yẹ, ọ̀pá atẹ́gùn sì wà ní títì. Mo rí i pé yàrá kò móoru, mo sì mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Mo gbé bọ́tìnì lọ sí márùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan náà, kóró tó há tú, ó ya wọ inú abọ́, ó bo iná mọ́lẹ̀. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní igun ilẹ̀kùn rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń mí. O wà ní ìdáná nígbà náà, ò ń kó oúnjẹ tí o gbé wá sínú fíríìjì. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lórí ẹsẹ̀ mi. O sáré wọlé, o ní, "Bàbá, kí ló ń rùn? Ṣé sítóòfù ni?"

Mo ní, "Rárá. Ata ni mo dín láàárọ̀."

O gbà mí gbọ́. Ta ni kò ní gba bàbá rẹ̀ gbọ́? O ṣí fèrèsé, o gbé ọmọ rẹ jáde, o sì bẹ̀ mí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín ata nínú ilé yìí mọ́. Tí a bá kó dé, ìta la ó ti máa dín in." Láti ọjọ́ náà, ata ni ò ń ṣọ́. O ti ra sítóòfù gáàsì kékeré tí ẹ ó máa fi dín ata lẹ́yìn ilé. Kàsúmù sọ ọ́ fún mi. Inú mi bàjẹ́. Ò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí olè kò gbà.

Ẹni tó bí ọ kò dín ata láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí ata nílé.

Kàsúmù ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a fo ibí yìí. Ọmọ náà kúkú ti gbádùn."

Mo ní, "Wàsíù, kọ ọ́."

Ọ̀kan tún kù, òun ló burú jù. O lè máa bi ara rẹ léèrè ìdí tí aago èéfín tó wà ní àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò fi ké lọ́jọ́ náà. Mo ti yọ bátìrì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé yìí ni mo dín ata ní tòótọ́, aago náà ké títí etí mi fẹ́ di. Mo gun àga, mo yọ bátìrì, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ ìdáná. Gbogbo ará ilé wa tí mo mọ̀ ní Atlanta ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ dín ata. Ṣùgbọ́n ilé tiwọn kò ní sítóòfù tí ń jẹ igi, ọmọ tí àyà rẹ̀ kò lágbára kò sì sí níbẹ̀. Kàsúmù sọ fún mi pé aago yẹn kan náà ló ń mọ èéfín burúkú tí kì í rùn, tí ojú kì í rí, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. N kò mọ̀. Àìmọ̀ mi kò sì ní ràn yín lọ́wọ́. A ra bátìrì tuntun lónìí, Kàsúmù ti fi sí i, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ké. Máa tẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ lóṣooṣù. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí rẹ̀, títí kan tèmi.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà nínú ilé, orí rẹ̀ wọ́ lórí ẹsẹ̀ mi, mo sì ń ṣọ́ ojú ara mi kí ojú má baà tì mí.

Jẹ́ kí n padà sí iná. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Kàsúmù wá. Mo sọ fún un pé ìdọ̀tí ló wọnú ẹ̀rọ. Ó bá mi gbọ́n gbogbo ikùn rẹ̀, ó ra àpò tuntun tí òjò kò kàn, a kó eérú inú abọ́ dànù, eérú tó ti dì bí òkúta tó sì ti dí gbogbo ihò abọ́ náà. Mo fa ọ̀pá atẹ́gùn síta ní ìwọ̀n ìka méjì. Mo fi bọ́tìnì sí eéjì. Iná náà gbéra, ó mọ́lẹ̀, ó funfun díẹ̀ lórí ìyeyè, ó ń jó sókè ṣánṣán. Gíláàsì kò dúdú títí di ọjọ́ kejì.

Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni ìdàrúdàpọ̀ tún dé. Èwo nínú wọn ló wò ó sàn? Ṣé kóró tuntun ni? Ṣé ọ̀pá ni? Ṣé abọ́ tí a fọ̀ ni, tàbí eéjì? A yí nǹkan mẹ́rin padà ní wákàtí kan. Ó dà bí ẹni tó mu àgbo mẹ́rin pọ̀, tó wá ń wá èyí tó gbà á. Mo fẹ́ mọ̀, mo bá fa ọ̀pá náà síwájú sí i dé ìka mẹ́rin. Iná náà kúrú, ó ń hó, ẹ̀ṣẹ́ná ń fò jáde nínú abọ́ kó tó jóná tán. Mo dá a padà sí ìka méjì. Mo gbé bọ́tìnì sí ẹẹ́ta, iná pupa, mo tún ní láti fa ọ̀pá náà díẹ̀. Ó wá jọ pé bí oúnjẹ bá pọ̀ sí i, atẹ́gùn náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Mo rò pé mo ti mú un. Lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù fẹ́ láti apá títì, ohun tí ó jó dáadáa láàárọ̀ kò jó dáadáa lọ́sàn-án, èmi kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo rí fà yọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Bẹ̀rẹ̀ ní eéjì, pẹ̀lú ìka méjì. Tí o bá fẹ́ yí nǹkan padà, ọ̀kan ṣoṣo ni kí o yí, kí o dúró tó wákàtí kan kí o tó yí òmíràn. Ojú iná ni kí o máa wò, má wo nọ́ńbà: bó bá pupa tó sì ń fà, fún un ní atẹ́gùn tàbí kí o dín oúnjẹ rẹ̀ kù, bó bá kúrú tó ń ta, dín atẹ́gùn. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, pa á, jẹ́ kó tutù, kí o ha abọ́ rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tó ń wọn ooru, fi ìgbóná yàrá sí méjìdínláàádọ́rin, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, kí o sì jẹ́ kí iná máa jó jẹ́jẹ́ dípò kó máa kú kó máa jí, nítorí ìgbà tó bá ń jí àti ìgbà tó bá ń kú ni èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Òtútù ibí kò dúró sójú kan. Àárọ̀ lè dà bí yìnyín, kí ọ̀sán sì mú ọ bọ́ súwẹ́tà. Tí ọ̀sán bá móoru, pa á pátápátá, má fi í sí oókan.

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀, ìwọ yóò sì sọ pé bàbá mi mọ sítóòfù. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun kan láàárọ̀ yìí. Ilẹ̀kùn sítóòfù náà ní okùn nínípọn tó yí i ká, òun ni kì í jẹ́ kí èéfín jáde. Mo fi bébà sí i nígbà tó tutù, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo fà á. Lókè, bébà náà há, ó ya. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni yọ ọ̀bẹ nínú bọ́tà. Ibẹ̀ gan-an ni èéfín ti yọ lọ́jọ́ náà. Ó jẹ́ pé gbogbo eéjì, gbogbo ẹẹ́ta, gbogbo ìka tí mo ń kà, lórí ilẹ̀kùn tí kò dí ni. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn mọ́.

Nítorí náà, Ròdíátù kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé yìí ní Sátidé. Mo mọ̀ pé ẹ ti dágbére fún onílé ní Snellville, mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ti gba ọkọ̀ ìkẹ́rù. Ẹ kó ẹrù wá. Ẹ gbé ọmọ lọ sí Morrow lọ́dọ̀ Kàsúmù títí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi wá pààrọ̀ okùn ilẹ̀kùn, kó sì wo inú páìpù. Kàsúmù ti pe ọ̀kan, ó ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé Sátidé náà lòun lè wá. Tí Múráínà bá ní kí wọ́n yọ sítóòfù náà kúrò pátápátá, kó má rò pé màá bínú. Mo bá a jiyàn lórí rẹ̀ nígbà ìkómọ, mo ní ọmọ àgbẹ̀ ni mí, kò sí iná tí n kò mọ̀. Kó gbàgbé ìyẹn. Bí ó bá fẹ́ gbé e jáde, màá bá a di apá kan mú.

Bí o bá ka ìwé yìí tán, tí ọkàn rẹ sì sọ pé kí Ròdíátù má wà lọ́dọ̀ èmi nìkan mọ́, sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ. Má rán Kàsúmù, má rán ọkọ rẹ. Jókòó níwájú mi kí o sọ ọ́. N kò ní jiyàn.

Bàbá rẹ ni mí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Bàbá Ràímì Àkànbí létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn síbí.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ tí wọ́n sì rí i:
Kàsúmù Ràímì, àkọ́bí wọn, ará Morrow.
Sáfíyà, ìyàwó akọ̀wé, ará Conyers.